Gíráǹtì Tí Wọ́n Ní Ó Ti Jáde: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Ọmọ SS Ní Iléṣà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, inú oṣù kẹta ọdún 2023, mi ò tíì gbá ṣọ́ọ̀bù tán tí Ìyá Ìyanu fi wọlé. Ẹ̀bá Ẹrẹ́jà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo máa ń tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń bá àwọn ọmọ ṣe JAMB. Wọn ò jókòó, wọ́n kàn na fóònù wọn sí mi: "Ọkọ mi, bá mi ka eléyìí dáadáa, kó o sọ fún mi bóyá ohun tí mo rò náà ló wà níbẹ̀." (Orúkọ wọn kọ́ nìyẹn o, mo yí i padà nítorí ọmọ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.)

Ímeèlì ni. Fọ́ńdéṣọ̀n kan ní London, ìyẹn àjọ tó máa ń fúnni lówó ìrànwọ́, ló kọ ọ́, wọ́n láwọn rí iṣẹ́ ẹgbẹ́ Ìyá Ìyanu lórí Facebook, ó wú àwọn lórí, àwọn ti fọwọ́ sí gíráǹtì 20,000 pọ́n-ùn fún wọn, owó ìrànwọ́ tí wọn kì í gbà padà, owó ti jáde, ohun tó kù ò ju kí wọ́n san 85,000 náírà láti fi parí ètò ẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n kọ orúkọ fọ́ńdéṣọ̀n náà sísàlẹ̀, wọ́n kọ àdírẹ́sì, wọ́n tún kọ nọ́ńbà tí ìjọba ìlú ọba fi forúkọ wọn sílẹ̀.

Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ ti san nǹkan kan ma. Wọ́n ní rárá, àmọ́ àwọn ìyá ti dá 61,000, ìyókù làwọn ń wá. Owó náà wà nínú báàgì wọn níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, orúkọ ẹni tó dá a àti iye tó dá wà nínú ìwé kan, ẹlòmíì dá 500, ẹlòmíì dá 3,000.

Ìyá àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde (sickle cell) ni wọ́n, SS la kàn máa ń pè é níbí. Ọmọ 34 ló wà lábẹ́ wọn nígbà yẹn. Sátidé kejì oṣù ni wọ́n ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsọ̀kùn, wọ́n á dá owó, wọ́n á fi ra folic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti Paludrine tó ń dènà ibà lọ́pọ̀ kó lè dínwó, wọ́n á pín in, ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá wà lọ́sibítù wọ́n á lọ dúró tì í, wọ́n á bá a wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Nàìjíríà yìí ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù ní gbogbo ayé, nǹkan bí 150,000 lọ́dún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ ò ní rántí 150,000, ojú ọmọ 34 yẹn lẹ máa rí. Ìyá Ìyanu ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìyanu fúnra ẹ̀ kú ní 2017, ọmọ ọdún 11 ni. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ní ìwé iléèwé aláwọ̀ búlúù kan lọ́wọ́, gbogbo ìgbà tí àìsàn náà bá dìde sí ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ṣí ríjísítà Charity Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní England àti Wales (Scotland ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, OSCR ni wọ́n ń pè é, Northern Ireland náà ní tiẹ̀). Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀ kó sì wò ó. Mo tẹ nọ́ńbà yẹn sí i, orúkọ náà jáde, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìyá Ìyanu pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Jésù o ṣeun, èmi náà sì rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan pé ó lè jẹ́ òótọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró gan-an nìyẹn. Wọ́n rí orúkọ, wọ́n rí nọ́ńbà, ọkàn wọn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ríjísítà yìí náà ni gbájúẹ̀ ti máa wá dà á kọ.

Mo wá ń lọ sí ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, agbègbè kan ṣoṣo ní England, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, àwọn arúgbó. Owó tó wọlé fún wọn lódindi ọdún tó kọjá, 18,000 pọ́n-ùn àti díẹ̀. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí Ìyá Ìyanu, mo ní ẹ wò ó ma, ẹni tí gbogbo owó ọdún ẹ̀ ò tó 20,000, báwo ló ṣe fẹ́ gbé 20,000 fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní Iléṣà? Wọn ò fọhùn. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà yẹn pẹ́. Ẹgbẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un bá kọjá 25,000 pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò owó ọdún ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ lè ṣí i kẹ́ ẹ kà á láti òkè délẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké bíi tèyí, iye tó wọlé àti iye tó jáde nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Ìyẹn náà ti tó fún wa lọ́jọ́ yẹn.

Ó kù àdírẹ́sì ímeèlì. Èyí tó wà lórí ríjísítà, orúkọ ẹgbẹ́ náà ni, .org.uk ló sì gbẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù Ìyá Ìyanu, orúkọ kan náà ni, wọ́n wá lẹ "grants" mọ́ ọn, gmail ló gbẹ̀yìn. Mo kọ méjèèjì sórí bébà kan, ìkan lókè, ìkan nísàlẹ̀, mo fún wọn kí wọ́n mú un dání lọ bá àwọn ìyá tó kù. Mo sì kọ̀wé sí ti orí ríjísítà lójú wọn níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé, akọ̀wé wọn ló kọ ọ́, ó ní àwọn kọ́, àwọn ò fún ẹnikẹ́ni lówó rí lẹ́yìn agbègbè àwọn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má san nǹkan kan fún wọn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú sí mi. Ìyá kan sọ pé oore tó wá bá èèyàn nílé, a fi ìbéèrè lé e lọ. Ó dùn mí, àmọ́ mo mọ ohun tó ń bá a jà, ọmọ ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ Ìyá Ìyanu dá 61,000 yẹn padà fún oníkálukú, bó ṣe wà nínú ìwé, títí kan ẹni tó dá 500.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún dé, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó jẹ́ olóòótọ́ tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni?" Mo ní wọ́n wà ma. Wọ́n ní ó yá, wá wọn.

Kí n sọ òótọ́, wọ́n ti ń kọ̀wé kó tó kàn mí. Lẹ́tà 19 láàárín ọdún méjì, ilé àwọn orúkọ ńláńlá tí gbogbo wa ń gbọ́ ni wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí, kò sì sí èsì kankan. Mo gba àwọn lẹ́tà náà, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lọ sí Tony Elumelu Foundation, owó táwọn ń fún èèyàn, 5,000 dọ́là, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ló wà fún, àtìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lọ sí MacArthur, fọ́ńdéṣọ̀n ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní Nàìjíríà láti 1994 lóòótọ́, àmọ́ láwọn ọdún yẹn ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ àti jíjẹ́ kí ìjọba jíhìn ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn níbí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ wọ́n nínú gbogbo ẹ̀. Lẹ́tà yẹn dáa, ó kàn jẹ́ pé ilé ẹni tó ń ta aṣọ ni wọ́n gbé e lọ, epo ni wọ́n sì fẹ́ rà. Ohun tí mo wá dúró lé lórí láti ọjọ́ yẹn, mi ò sì tíì yẹ̀ lórí ẹ̀: ẹ má wo ohun tí fọ́ńdéṣọ̀n kan sọ pé òun fẹ́ràn, ẹ wo ẹni tó fún lówó lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà níta, ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀ pé a lè kà á.

Ti Amẹ́ríkà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Fọ́ńdéṣọ̀n àdáni níbẹ̀, yálà ti ìdílé ni tàbí ti ilé iṣẹ́, dandan ni kó fi fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 990-PF ránṣẹ́ sí IRS lọ́dọọdún, ìyẹn àwọn tó ń gba owó-orí, òfin sì ní kí fọ́ọ̀mù náà wà níta fún gbogbo ayé. Candid (Foundation Center àti GuideStar tó di ọ̀kan ní 2019) ní ibi tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jọ sí, ó dáa gan-an ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó kẹ́ ẹ tó lè lò ó tán, a ò sì lówó. ProPublica, iléeṣẹ́ ìròyìn kan níbẹ̀, ní tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nonprofit Explorer, ọ̀fẹ́ ni, kódà ẹ lè tẹ ọ̀rọ̀ sí i kó wá a nínú àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Mo tẹ "sickle cell", mo tẹ "Nigeria", mo jókòó tì í. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe é, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kí dátà lè sáré díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà gùn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ibi mélòó kan lẹ máa wò. Iye ohun ìní wọn wà níwájú, òfin sì ní kí wọ́n ná nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lọ́dọọdún, torí náà ẹni tó bá ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, nǹkan bí 100,000 ló gbọ́dọ̀ jáde, ẹ ti mọ bí àpò ẹ̀ ṣe tó nìyẹn. Lẹ́yìn-lẹ́yìn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n á máàkì tó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ti yàn fúnra wọn nìkan ni wọ́n ń fún, tí wọn ò gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò pè. Ẹ wá àpótí yẹn kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun. Fọ́ńdéṣọ̀n 43 ni mo kọ sílẹ̀ lóṣù kẹrin, 29 nínú wọn ló máàkì ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ dídùn lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì àwọn kan nínú wọn kí n tó mọ̀ pé àpótí yẹn wà.

Lẹ́yìn àpótí náà ni wọ́n to orúkọ àwọn tí wọ́n fún sí, ẹni tó gbà á, ibi tó wà, ohun tó fẹ́ fi ṣe, iye. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ṣí mi lójú. Fọ́ńdéṣọ̀n ìdílé kan, mo ń ka orúkọ bọ̀ láti òkè, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, yunifásítì tí bàbá wọn lọ, ilé àwọn tó ń kọrin, ilé ajá tí ò lólúwa, mo ti fẹ́ pa á dé, mo wá rí ìlà kan: ìtọ́jú ọmọdé, Nàìjíríà, 5,000 dọ́là. Ara mi yá gágá. Àmọ́ nígbà tí mo wo ẹni tó gba owó náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni, òun ló máa gbé e wá. Mo padà sí àwọn tó kù, bákan náà ni. Ìdí ẹ̀ ni pé tí fọ́ńdéṣọ̀n àdáni Amẹ́ríkà bá fẹ́ fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lówó tààrà, ó ní láti wá ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ yẹn bá ti ilẹ̀ wọn dọ́gba, tàbí kó máa tọ owó náà lẹ́sẹ̀ kó sì máa ròyìn ẹ̀ fún IRS, iṣẹ́ ńlá ni, èyí tí ò bá ní ju akọ̀wé kan lọ ò ní dá a láṣà. Torí náà ẹni tó yẹ kí n kọ̀wé sí ni ẹni àárín yẹn. Lẹ́tà 19 yẹn, kò sí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ irú wọn.

Ti ìlú ọba yá ju ìyẹn lọ. Orí ríjísítà kan náà tó tú àṣírí gbájúẹ̀ yẹn, ẹ lè ní kó kó gbogbo ẹgbẹ́ tó ń fún ẹgbẹ́ míì lówó, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, jáde. GrantNav tún wà, 360Giving ló ni ín, àwọn tó bá gbà láti fi gíráǹtì wọn síta ló wà níbẹ̀, ẹ ó rí i lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìwé ìṣirò owó ni mo ń kà, mo ń wo iye tí wọ́n máa ń fún èèyàn, 1,000, 3,000, 4,000, bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ 50,000 dọ́là ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè. Nígbà tí mo máa gé e kù, ti Amẹ́ríkà méjì àti ti ìlú ọba mẹ́rin ló ṣẹ́ kù.

Mo gbé mẹ́fà náà lọ sípàdé wọn ní Ìsọ̀kùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá àgbàlagbà kan bi mí ni pé ṣé a máa dá a padà. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, òṣómàáló ni àwọn bàbá wa fi jẹun, wọ́n á ta aṣọ láwìn, tó bá dọjọ́ wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó. Màmá ní tí wọ́n bá fún wa, ta ni ó wá lóṣòó síta wa? Mo ní wọn ò ní gbowó padà ma, àmọ́ ìròyìn ni wọ́n máa wá gbà, gbogbo náírà ẹ̀ la máa ka fún wọn. Wọ́n mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn yé wọn ju gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe lọ.

Ibi tó gba àkókò jù ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ tó bá máa gba owó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ilẹ̀ ẹ̀, tiwa ò ní. A lọ sí CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yan àwọn alágbàtọ́ (trustees), kí wọ́n kéde orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn méjì, kí wọ́n fún aráàlú ní ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan ní ẹjọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ SCUML, àwọn tó ń rí i pé wọn ò fi ẹgbẹ́ fọ owó, lábẹ́ EFCC, lẹ́yìn ẹ̀ àkáǹtì báńkì tó ní orúkọ ẹgbẹ́ tí ó kéré tán èèyàn méjì á máa fọwọ́ sí. Oṣù méje. Ìyá tó bínú sí mi lórí 61,000 yẹn, òun ló dìde nípàdé tó ní kí wọ́n tún un dá, iye kan náà, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ CAC. Wọ́n dá a.

Oṣù kẹta 2024 la kọ̀wé. Àwọn méjì ò dáhùn. Méjì ní rárá, ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ó ní ìpínlẹ̀ míì làwọn wà. Ìkan ní àfi tá a bá ní alábàáṣe tó forúkọ sílẹ̀ ní ìlú ọba. Ìkẹfà, ti ìdílé kékeré kan ní England, béèrè nǹkan kan: láàárín ọdún tó kọjá, ọmọ mélòó ló wọ ọsibítù, ọjọ́ mélòó ni wọ́n lò, ohun wo lẹ sì rò pé oògùn yìí máa yí padà?

Ìyá Ìyanu gbé ìwé búlúù yẹn wá. Mo ṣí i lórí káńtà. Biro pupa àti biro búlúù, bó ṣe wà lọ́wọ́. Ọjọ́, orúkọ ọmọ, ibi tó ń dùn ún, "ọwọ́ àti ẹsẹ̀", "àyà", ọjọ́ mẹ́rin, páìnì ẹ̀jẹ̀ kan, iye tí wọ́n san. Ní ìlà míì omi ti tàn án, wọ́n tún un kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọdún méje nìyẹn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Alẹ́ méjì ni mo fi tò ó sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n jókòó tì mí, tí mo bá dé orúkọ ọmọ tó ti kú wọ́n á ní "fi í síbẹ̀, òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn." Ọmọ 22 nínú 34, ọjọ́ 163 lọ́sibítù lọ́dún kan. A fi ránṣẹ́.

Wọ́n fọwọ́ sí 2,500 pọ́n-ùn ní oṣù kọkànlá, ó wọlé ní oṣù kìíní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Folic acid àti Paludrine ọdún kan fún gbogbo wọn, hydroxyurea, oògùn tó ń dín bí àìsàn náà ṣe ń dìde kù, fún ọmọ mẹ́fà tí dókítà ní ó tọ́ sí, àti owó mọ́tò fún àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé. Kò sẹ́ni tó ní ká kọ́kọ́ san nǹkan kan.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń retí ìròyìn wa. Risíìtì 11 ló wà nínú fáìlì, ìkejìlá ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ní Atakúmọ̀sà, ó ní bébà ẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Mọ́ńdè ni mo máa yà síbẹ̀.